Kí Ẹ Tó Pe Ọmọ Yẹn ní Olódo

Ẹ̀yin olóòtú wa, ọ̀kun o. Bá a ṣe ń kíra wa lọ́dọ̀ tiwa ní Kàbà nìyẹn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbòmíì ẹ má rò pé òkun tó wà l'Ékòó là ń pè, ẹ wo àmì abẹ́ ẹ̀ dáadáa, ọ̀rọ̀ àmì abẹ́ yẹn gan-an ṣì ń bọ̀.

Mo ka lẹ́tà bàbá kan nínú ìwé ìròyìn yín ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Bàbá ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò lè kàwé torí pé fóònù ti jẹ wọ́n lórí, àti pé àwa ìyá wọn ń kẹ́ wọn jù, pé nígbà tiwọn pàṣán ló ń kọ́ni ní ABD. Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, mi ò bá yín jà o, ọmọ yín ni mo jẹ́, fóònù náà sì ń ba tiẹ̀ jẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pàṣán yẹn gún mi lọ́kàn torí èmi náà ti na ọmọ lórí ìwé, tẹ́ẹ̀pù tí mo fi ń wọn aṣọ ni mo ká mọ́wọ́ tí mo fi nà án lálẹ́ ọjọ́ kan, nọ́ńbà orí ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn lára ọmọ náà, nígbà tó yá ni mo wá mọ̀ pé ojú ló ń dà á láàmú. Ìdí tí mo fi jókòó tẹ lẹ́tà yìí lórí fóònù nìyẹn, wọ́n ti mú iná lọ, ẹ má wo bí mo ṣe tò ó, telò ni mí, èmi kì í ṣe tíṣà.

Ọmọ mi ọkùnrin ni. Pírámárì 3 ló wà nígbà yẹn, ọmọ ọdún 8. Tó bá di ká ju òkúta já máńgòrò, kò sọ́mọ àdúgbò tó lè bá a du ú, á ti ka nọ́ńbà ọkọ̀ tó ń bọ̀ lókèèrè kí èmi tó mọ̀ pé ọkọ̀ ń bọ̀. Ìwé nìkan ni ìjà òun ẹ̀. Tó bá ṣíwèé báyìí, ìlà kìíní á lọ geere, ìkejì á lọ, tó bá máa di ìkẹta tàbí ìkẹrin ó ti ń fẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, á ní orí ń fọ́ òun, á ní òun fẹ́ mumi, á ní òun fẹ́ tọ̀. Ọmọ tó tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lórí họ́ọ̀mùwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo, kí lẹ fẹ́ kí ìyá ẹ̀ sọ? Mo ní ọ̀lẹ ni. Tíṣà ẹ̀ kọ ọ́ sínú ríkọ́ọ̀dù pé eré ẹ̀ ti pọ̀ jù. Àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀ ní tiwọn ti bá a wá orúkọ, olódo. Àwọn kan nínú ẹbí tiẹ̀ sọ pé torí Owé ni, ẹ̀ka èdè Kàbà tá à ń sọ nílé, pé ọmọ ń sọ Owé nílé, wọ́n ń sọ Gẹ̀ẹ́sì sí i ní súkúù, Yorùbá tó wà nínú ìwé sì tún jọ ti ará Ọ̀yọ́, pé èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dà rú mọ́ ọn lórí. Mo fẹ́ gbà á, àfi pé Owé kan náà ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ń sọ, ìyẹn sì ń kàwé bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà.

Ohun tó ń dùn mí jù níbẹ̀ ni pé iwájú mi báyìí ni àmì ẹ̀ wà lójoojúmọ́. Mo máa ń pè wọ́n kí wọ́n wá bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́, torí ojú tèmi náà ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀, mo ti lé lógójì. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ á mú abẹ́rẹ́ súnmọ́ ojú, á fi itọ́ rin òwú, ó ti wọlé. Ọmọkùnrin yìí á na ọwọ́ méjèèjì síwájú gbọọrọ bí àgbàlagbà tó gbàgbé awò ẹ̀ sílé tó fẹ́ ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, á gbé orí sẹ́yìn, á máa fi òwú gún afẹ́fẹ́. "Màmá, ihò ẹ̀ ń sá." Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo ní ìwọ ọmọ yìí, o ti darúgbó ṣáájú mi. Mo gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ mo gbé e fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀, mo ń bá iṣẹ́ lọ.

Kì í sì í ṣe pé wọn ò yẹ ojú ẹ̀ wò rí o. Àwọn kan wá sí súkúù wọn lọ́dún yẹn, wọ́n gbé pátákó létà yẹn kọ́ ògiri, èyí tí E gàgàrà máa ń wà lókè ẹ̀ tí ìyókù á máa kéré bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí pátákó yẹn ti wà, dókítà ojú ará Nẹ́dálándì kan, Herman Snellen, ló gbé e jáde ní 1862, ẹsẹ̀ bàtà 20 lèèyàn sì máa ń dúró sí láti kà á. Ọmọ mi kà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Wọ́n kọ ọ́ pé ojú ẹ̀ pé, wọn ò sì purọ́, ojú ẹ̀ pé ní ẹsẹ̀ bàtà 20. Ta ló wá ń gbé ìwé sí ẹsẹ̀ bàtà 20 kó tó kà á? Mo fi tẹ́ẹ̀pù wọ̀n ọ́n, láti ìdí máṣíìnì mi, ó kọjá ojú títì lọ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta ìṣó ní òdìkejì.

Àbúrò mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ojú ní Ìlọrin ló já a. Ó wá bá wa ṣe Kérésì, ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó rí ọmọ náà nídìí abẹ́rẹ́. Èmi rẹ́rìn-ín bí mo ṣe máa ń rẹ́rìn-ín, òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mú ọmọ yìí wá bá mi." Owó kajú ni bàbá wọn fi san owó ọkọ̀ wa nígbà tí kajú jáde, torí ọ̀nà Ìlọrin láti ọ̀dọ̀ tiwa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti gba Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ kọjá rí ẹ mọ ohun tí mò ń sọ, n ò ní dá ọ̀rọ̀ ọ̀nà sílẹ̀ lónìí.

Nígbà tá a débẹ̀, dókítà kọ́kọ́ gbé bírò síwájú ẹ̀, ó ń mú un bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé itòsí imú, ó ń wò ó bóyá ojú méjèèjì á jọ yí wọlé pàdé ara wọn. Wọ́n pàdé. Ó wá kán oògùn sí i lójú, a jókòó dè é, nígbà tó yá ọmọlójú ẹ̀ fẹ̀ bíi ti ológbò lóru, ó ní òun ò tiẹ̀ rí ìwé mọ́ rárá, ẹ̀rù bà mí. Àbúrò mi ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Ó ní ojú ọmọ yìí kúrú díẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Ó ní iṣan kékeré kan wà nínú ojú tó máa ń fún tá a bá fẹ́ wo nǹkan tó súnmọ́, tọmọdé sì lágbára gan-an, torí náà ó lè máa fi agbára iṣan yẹn bo àléébù ojú ẹ̀ mọ́lẹ̀, iṣan náà á kàn máa fún nínú ibẹ̀ látàárọ̀. Ẹnikẹ́ni ló lè gbé garawa omi sókè fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ ní kó gbé e dúró títí ojú ìwé kan á fi parí ná. Oògùn yẹn ló dá iṣan náà lọ́wọ́ kọ́, kí àṣírí lè tú, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún yín pé kí wọ́n kán an tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ kán an, ẹ má gbé ọmọ sá lọ.

Ọjọ́ tí gíláàsì ẹ̀ dé, ohun tó kọ́kọ́ wò ni àtẹ́lẹwọ́ ara ẹ̀. Ó ní, "Màmá, ìlà pọ̀ lọ́wọ́ mi o." Mo gbé ìwé Yorùbá ẹ̀ fún un nínú ọkọ̀. Ẹ mọ̀ pé létà 25 ni ABD tiwa ní, mẹ́ta nínú ẹ̀, ẹ, ọ, ṣ, àmì abẹ́ yẹn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀ sí èkejì wọn. Tẹ́lẹ̀, "owó wà ní ọwọ́ bàbá" ló wà nínú ìwé, òun á kà á pé owó wà ní owó bàbá, òjò àti ọjọ́ ọ̀kan náà ni lójú ẹ̀, mo sì máa ń ta á ní kóńkó. Ó wo ìwé náà pẹ́, ó fi ìka fọwọ́ kan abẹ́ ọ̀rọ̀, ó ní, "Mo rò pé ìdọ̀tí ni." Pé òun ti máa ń rí nǹkan dúdúdúdú kan níbẹ̀ nígbà míì, òun rò pé ìwé ló dọ̀tí. Mo yíjú sí fèrèsé ọkọ̀, torí kí ọmọ má rí mi.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe kejì ló kù tí mo fẹ́ sọ, ẹ fara balẹ̀ fún mi. Bí gíláàsì ṣe gba ọmọ mi báyìí, mo di ajíhìnrere gíláàsì. Gbogbo ọmọ tí ò bá ti mọ̀wé ní àdúgbò wa, ojú ni, ẹ lọ ra gíláàsì. Ìyá Alákàrà tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún 9, kíláàsì kan náà lòun àti ọmọ mi wà. Ọmọ yẹn gbọ́n, òun ló ń gba owó àkàrà, á ṣírò ṣéńjì kó o tó na ọwọ́ tán, ẹ sì fún un ní ìtàn lẹ́ẹ̀kan, á sọ ọ́ padà fún yín pẹ̀lú orin ẹ̀. Ìwé ni ò wọlé. Ọ̀rọ̀ tó kà lókè ojú ewé, tó bá tún pàdé ẹ̀ nísàlẹ̀, àlejò ni wọ́n jẹ́ síra wọn. Ọkùnrin kan gbé ọkọ̀ wọ ọjà wa lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà lórí ẹ̀, ó ń ta awò aláwọ̀ kan, ó ní awò tó ń ṣí ọpọlọ ọmọ ni, ọmọ tó bá ń rí létà tó ń jó á rí i kó dúró. Èmi ni mo sọ pé kí wọ́n rà á. Mo tiẹ̀ dá nínú owó ẹ̀. Ọmọ yẹn lò ó fóṣù kan gbáko, gbogbo ayé kàn pọ́n bí epo lójú ẹ̀ ni, ìwé wà níbi tó wà. Mi ò lè wo ojú ìyá ẹ̀ mọ́, àkàrà tí mò ń rà lọ́wọ́ ẹ̀ kò tiẹ̀ dùn lẹ́nu mi.

Nígbà tá a máa padà lọ fún àyẹ̀wò ọmọ mi, mo mú ọmọ Ìyá Alákàrà dání. Wọ́n wo ojú ẹ̀, òkèèrè, itòsí, wọ́n kán oògùn. Kò sí nǹkankan. Ojú ẹ̀ dára ju ti gbogbo wa lọ. Àbúrò mi wá pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò fún un níwèé o, ó kàn ní, "Sọ bàtà." Ó sọ ọ́. "Tó o bá yọ *bà* kúrò nínú *bàtà*, kí ló kù?" Ọmọ yẹn dákẹ́, ó wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀. Ó tún bi í, "Èwo ló bẹ̀rẹ̀ bíi *bàtà*, ṣé *bàbá* ni àbí *ọkà*?" Kò lè mú un. Ẹ bi ọmọ mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ níbẹ̀, ó ti ń pariwo *tà, tà* kí wọ́n tó béèrè tán, mo fi ojú bá a wí.

Ohun tí àbúrò mi sọ fún wa nìyí. Ó ní àwọn kan wà tí ojú wọn ò ríran dáadáa, tiwọn rọrùn. Àwọn kan wà tí ojú wọn ríran, ṣùgbọ́n tí ọpọlọ wọn ò tètè lè gé ọ̀rọ̀ sí ìró kéékèèké kó sì so ìró yẹn mọ́ létà, ohun tí wọ́n ń pè ní dyslexia nìyẹn, dókítà ojú ará Jámánì kan, Rudolf Berlin, ló fún un lórúkọ yẹn. Nígbà àtijọ́ àwọn Òyìnbó náà rò pé ojú ni, wọ́n ń pè é ní ìfọ́jú ọ̀rọ̀. Dókítà W. Pringle Morgan kọ̀wé nípa ọmọkùnrin ọdún 14 kan ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní 1896, Percy lorúkọ ẹ̀, ọmọ tó gbọ́n ni, nọ́ńbà gígùn gbọọrọ ò ṣòro fún un láti kà, ojú ẹ̀ ò lábùkù, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kó kọ orúkọ ara ẹ̀, Precy ló ń kọ, kò sì ní mọ̀ pé òun ṣì í. Tíṣà ẹ̀ ní ká ní ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ni ni, òun ni ì bá gbọ́n jù ní súkúù. Mo ní ká túmọ̀ ibẹ̀ fún Ìyá Alákàrà, ó ní, "Ọmọ mi lẹ̀ ń pè yẹn."

Àbúrò mi tún ní, ní 2009, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé àti dókítà ojú ní Amẹ́ríkà jọ fọwọ́ sí i pé àìsàn ojú kọ́ ló ń fa dyslexia, àti pé kò sí ẹ̀rí tó dúró pé awò aláwọ̀ tàbí eré ìdárayá ojú ń wò ó sàn. Mo rántí owó mi. Eré ìdárayá ojú yẹn náà ní iṣẹ́ tiẹ̀ o, àwọn ọmọ kan wà tí ojú wọn méjèèjì ò lè pàdé nígbà tí bírò bá dé itòsí imú, létà á di méjì sí wọn lójú, wọ́n á máa di ojú kan kàwé. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2008 sọ pé eré ojú tí wọ́n ń ṣe fún wọn ní ọsibítù ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún wò ó ní 2019 bóyá ìwé kíkà wọn náà á sunwọ̀n sí i, ti àwọn tó ṣe eré ojú gidi ò dára ju ti àwọn tí wọ́n fi eré lásán tàn lọ. Ẹni tó bá wá ń polówó rẹ̀ fún yín pé ó ń kọ́ ọmọ ní ìwé, ẹ rọra.

Kí ni wọ́n wá ń ṣe fún ọmọ Ìyá Alákàrà? Sùúrù ni jù. Ìró kan lójúmọ́, wọ́n á pè é, wọ́n á pàtẹ́wọ́ sí i, wọ́n á kọ ọ́ sórí gààrí nínú tírè, wọ́n á tún padà sí tàná. Ó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lálẹ́, mo fi àkísà ańkárá gé létà, mo rán an.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọmọ mi tún ti wọlé, torí gíláàsì ò parí gbogbo ẹ̀. Ó ń ríran, ó ń kà, síbẹ̀ tó bá ń da nǹkan kọ láti ojú bọ́ọ̀dù, á gbójú sókè, á gbójú sílẹ̀, á ti fo ìlà kan. Ìṣirò, ẹyọ á rìn lọ bá ẹẹ́wàá. b di d. Àbúrò mi ní ìyẹn náà tún yàtọ̀, pé ojú rí i, bí ọpọlọ ṣe ń to ohun tí ojú rí, èwo ló wà lọ́tùn-ún, èwo ló wà lábẹ́ èwo, ibẹ̀ ni. Ó ní b àti d tiẹ̀ wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọdé títí wọ́n á fi pé ọdún 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, kí n má tíì pariwo. Èyí wọ̀ mí lórí ju ti dókítà lọ torí iṣẹ́ mi ni. Kò sí ọmọ iṣẹ́ telò tí kò ní rán apá òsì méjì sára bùbá kan lọ́dún àkọ́kọ́. Ojú ẹ̀ ò fọ́, apá méjèèjì jọra ni, ó ní láti kọ́ pé tó o bá dà á bolẹ̀ ó ti di òmíì. Ẹ sì wò ó, gbogbo nǹkan tí Ọlọ́run dá, ibi tó wù kó kọjú sí, orúkọ ẹ̀ ò yí. Ewúrẹ́ tó kọjú sí Lọ́kọ́jà, ewúrẹ́ ni, tó bá yíjú sí Ẹ̀gbẹ̀, ewúrẹ́ náà ni. Létà nìkan ló ń bá ọmọdé ṣe irú ẹ̀, gbé ikùn ẹ̀ sọ́tùn-ún ó ń jẹ́ b, gbé e sósì ó ń jẹ́ d. Ọpẹ́ ni pé ABD tiwa ò ní q, Gẹ̀ẹ́sì ló tún fi ìyẹn dá kún un.

Mo mú páálí tí mo fi ń gé pátánì, mo fi àlùmọ́gàjí gé fèrèsé tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín ẹ̀, tó gba ìlà kan ṣoṣo. Ó ń gbé e lé ìwé, ìlà tó ń kà nìkan ló ń yọjú, tó bá parí á fà á wálẹ̀. Ìṣirò, a yí ìwé onílà dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìlà á dúró lóòró, ẹyọ á wà nínú ilé tiẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ti wá gba irú páálí yẹn lọ́wọ́ mi, tíṣà wọn gan-an gba ọ̀kan. Mi ò bú tíṣà yẹn o, òun nìkan láàárín àwọn ọmọ tó pọ̀ bí eéṣú, kí ló fẹ́ ṣe? Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé pátákó létà káàkiri súkúù wa, mo bẹ̀ yín, ẹ tún mú ìwé kékeré kan dání, ẹ gbé e sí ibi tí ọmọ máa ń gbé ìwé sí, kó ka ojú ewé kan tán, ẹ má dá a dúró lórí ìlà kìíní.

Ó ku tiyín, ẹ̀yin olóòtú. Ojú ewé àwọn ọmọdé tẹ́ ẹ máa ń tẹ̀ sẹ́yìn ìwé ìròyìn yẹn, létà ẹ̀ ti kéré jù, tàdáwà ibẹ̀ kì í sì í tẹ àmì abẹ́ dáadáa. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá ẹ kí àwọn ọmọ apá ọ̀dọ̀ wa níbẹ̀, a dúpẹ́ gan-an, ọmọ mi gbé gíláàsì ẹ̀ sójú, ó gbé páálí ẹ̀ lé e, ó kà á síta fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù, "Òkun o." Ó tún un wò. Ó ní, "Màmá, lọ́tẹ̀ yìí èmi kọ́ o, kò sí nǹkankan lábẹ́ ẹ̀."

Èmi ni tiyín,
Ìyá telò kan, Kàbà.